Kí Ẹ Tó Gbé Ọkọ̀ Wá fún Àdúrà, Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Ìwé Rẹ̀ Wò

Ó ti di àṣà láàrin wa ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tó yí i ká pé bí ẹnìkan bá ra ọkọ̀, ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé e ni yóò gbé e wá sí ọgbà ilé ìjọsìn. Pásítọ̀ yóò gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn yóò ta òróró sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹgbẹ́ àwọn ìyá yóò jó yí i ká, olówó ọkọ̀ yóò sì fi ẹ̀bùn ọpẹ́ sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ṣàkíyèsí ni pé láàrin gbogbo ayọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àpò ìwé ọkọ̀ yìí kí a rí i."

Bẹ́ẹ̀ sì ni inú àpò ìwé yẹn ni ìjàngbọ̀n máa ń wà. Ọkọ̀ àlòkù kì í dá wá. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe, tàbí tí kò ṣe, máa ń tẹ̀ lé e bọ̀: owó bodè tí a kò san, láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, orúkọ ẹni tí a kò mọ̀ rí lórí ìwé. Ẹnu ọkọ̀ kò ṣeé bi léèrè, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá bá nídìí ọwọ́ ọkọ̀ ni wọn yóò bi.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti ń dá owó sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ẹgbẹ́ yá a ní ìlọ́po méjì owó tó dá, àwọn olùkọ́ méjì sì fọwọ́ síwèé fún un gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Ó mú owó náà lọ sí ibùdó ìtajà ọkọ̀, ó ra Toyota Corolla kan, inú ìyàwó dùn, àwọn ọmọ kò ní máa dúró de ọ̀kadà mọ́ láàárọ̀. Lóṣù kejì, ó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Oǹdó, àwọn aṣọ́bodè dá a dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Ọ̀rẹ̀, wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n ní owó bodè tó wà lórí ìwé yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí. Ọkọ̀ wọ àgọ́ wọn. Ìyá wọ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò mọ aṣọ́bodè kankan. Ní ìparí oṣù, wọn yóò yọ owó wọn nínú owó oṣù rẹ̀, bí wọ́n bá sì débẹ̀ tí wọn kò bá ohun tí wọn yóò yọ, àwọn onídùúró méjì yẹn ni ó kàn. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ yìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

OWÓ OJÚ Ọ̀NÀ KÌ Í ṢE ÀJÒJÌ LỌ́DỌ̀ WA

Ìjẹ̀bú mọ owó ojú ọ̀nà kí ọkọ̀ tó dé ayé. Nígbà tí ẹrù ń ti Èkó gòkè lọ sí Ìbàdàn, tí epo àti èkùrọ́ sì ń ti òkè bọ̀ wá sí etí ọ̀sà, àwọn oníbodè ọba wà lójú ọ̀nà, ẹni tó bá kọjá yóò sanwó. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàrin Ìjẹ̀bú àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ní oṣù kìn-ín-ní 1892 wọ́n ṣe àdéhùn pé kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà, kí wọ́n pa owó bodè tì, kí ìjọba Èkó sì máa san £500 lọ́dún dípò rẹ̀. Àdéhùn náà kò pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Gómìnà Carter rán ọmọ ogun wá, wọ́n sì jà ní Ìmágbọ̀n.

Oníbodè ti lọ, ṣùgbọ́n bodè kò lọ. A kàn pín in ni. Ní òde òní, ẹni tó bá ra ọkọ̀ àlòkù ń kọjá lójú bodè méjì tó yàtọ̀ síra, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n rò pé ọ̀kan ni.

Bodè kìn-ín-ní ni ti ìjọba àpapọ̀. Owó rẹ̀ ni èyí tí a ń san nígbà tí ọkọ̀ bá ti òkè òkun wọ ilẹ̀ wa, àwọn aṣọ́bodè, tí a ń pè ní Kọ́sítọ́ọ̀mù, ni wọ́n sì ń gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń san án láyé ọkọ̀ náà. Bodè kejì ni ti ìjọba ìpínlẹ̀. Òfin owó orí tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1998 ka owó ojú ọ̀nà mọ́ àwọn owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ni a ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, tí a sì ń tún un gbà lọ́dọọdún. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti bárò. Ohun kan tún wà nínú òfin 1998 yẹn tí ó yẹ kí gbogbo awakọ̀ gbọ́: ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà nítorí àtigba owó orí tàbí owó ìjọba kankan. Àwa tí a ń rìn káàkiri mọ bí wọ́n ṣe ń pa èyí mọ́ sí.

Sísan ti ọ̀kan kò san ti èkejì. Ọkọ̀ lè ní láísẹ́ǹsì Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lánàá, nọ́ńbà rẹ̀ lè máa dán gbinrin, kí ó sì jẹ́ pé a kò san kọ́bọ̀ kan ní bodè. Dílà tó bá fi láísẹ́ǹsì hàn yín, tó ní, "Ẹ wò ó, gbogbo ẹ̀ ti pé," apá kan ló fi hàn yín.

TÒKUNBỌ̀ ÀTI FÀYÀWỌ́

Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí lókè òkun tí a sì gbé wálé. Nígbà tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen sì ń tò ó lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó, àwọn méjèèjì ní 1975, olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba lè yá owó ra ọkọ̀ tuntun. Àwọn àgbà wa rántí Volkswagen Ìjàpá dáadáa. Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò SAP dé, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí a ń wò lókèèrè. Ni ọkọ̀ tí àwọn ará Jámánì, Bẹ́líjíọ̀mù àti Họ́láńdì ti lò bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ni orúkọ ọmọ bá di orúkọ ọkọ̀. A kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀ bínú sí i.

Apá kan ń gba ibùdókọ̀ ojú omi Èkó wọlé, ní Àpápá àti Tin Can. Apá kejì ń gúnlẹ̀ sí Kùtọnù ní ilẹ̀ Benin, nítorí owó bodè ibẹ̀ kéré, láti ibẹ̀ wọ́n á gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò ní ìpínlẹ̀ wa yìí wọlé. Àwọn kan sanwó níbẹ̀. Àwọn mìíràn gba inú igbó lóru. Ẹ gbọ́ bí Yorùbá ṣe sọ orúkọ òwò yìí: fàyàwọ́, bí ejò tí ń fi àyà wọ́ nílẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 2017, òfin ti dé pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, ìbáà jẹ́ tuntun tàbí àlòkù. Ojú omi nìkan ni. Ẹ̀yin ará, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ìwé ọkọ̀. Bí dílà bá fún yín ní ìwé tó ní ọkọ̀ kan wọlé ní Ìdí-Ìrókò ní 2019, kí ẹ gbé ìwé náà sílẹ̀ kí ẹ sì bi í léèrè bí ó ṣe wọlé. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí àwọn aṣọ́bodè gbà lọ́wọ́ onífàyàwọ́ tí wọ́n sì tà ní gbàǹjo. Irú èyí ní ìwé gbàǹjo tirẹ̀. Bí kò bá sí ìwé gbàǹjo, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín dílà mú yín ná owó.

Àwọn kan ń sọ pé ọkọ̀ tó bá ti wọ inú ìlú, tó ti gba nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ bodè ti parí lórí rẹ̀. Ìtàn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta 2017, ọ̀gá àgbà àwọn aṣọ́bodè nígbà náà, Hameed Ali, kéde pé kí gbogbo ẹni tí a kò bá san owó bodè lórí ọkọ̀ rẹ̀ wá san án láàrin ọjọ́ 13 oṣù kẹta sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti pẹ́ lójú ọ̀nà. Ariwo ta káàkiri. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà pè é, ó lọ láìwọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n dá a padà pé kí ó lọ wọ̀ ọ́ wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni ìwé ìròyìn gbé ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ. Wọ́n dá ètò náà dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ètò ni wọ́n dá dúró, wọn kò fagi lé gbèsè. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2019, àwọn aṣọ́bodè lọ ti ọ̀pọ̀ ibùdó ìtajà ọkọ̀ pa ní Èkó àti ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ìwé owó bodè àwọn ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ wò. Nígbà tó di 2024, wọ́n tún ṣí ààyè sílẹ̀ láti ọjọ́ 4 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 5 oṣù keje, pé kí ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kò gún wá san owó bodè, wọn yóò sì mójú kúrò lórí owó ìtanràn ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún tí wọn ì bá fi kún un. Ààyè yẹn ti kọjá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ààyè ṣì wà, ẹ kó owó wá" láìfi ìkéde tuntun hàn yín, owó yín ló ń wá.

BÍ A ṢE Ń YẸ ÌWÉ BODÈ WÒ

Nọ́ńbà ṣásì ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Lẹ́tà àti fígọ̀ 17 ni, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí ju ojú kan lọ lára ọkọ̀: ẹ ó rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ọwọ́ awakọ̀, ẹ ó tún rí i ní ibi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ti ń pa dé. Kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà fúnra yín láti ara ọkọ̀. Ẹ má ṣe dà á kọ láti inú ìwé dílà, nítorí ìwé dílà ni a fẹ́ dán wò. Kí ojú méjèèjì bára mu, kí ó sì bá ìwé bodè mu, lẹ́tà fún lẹ́tà. Bí ẹ bá rí I tàbí O tàbí Q nínú rẹ̀, nǹkan ti ṣẹlẹ̀, nítorí a kì í lo àwọn lẹ́tà mẹ́ta yẹn rárá. Bí ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà náà sí bá rí págunpàgun bí ẹni pé a ti fi fáìlì ha á, ẹ má ṣe bá a sọ̀rọ̀ iye.

Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, irú èyí tó pọ̀ jù láàrin wa báyìí, àmì kẹwàá nínú mẹ́tàdínlógún yẹn ni ọdún ọkọ̀. 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Dílà tó ní 2011 ni ọkọ̀ òun, tí àmì kẹwàá sì jẹ́ 7, ọdún mẹ́rin ló jí gbé lójú yín. Èyí kan owó bodè pẹ̀lú, nítorí láti 2022 ni àwọn aṣọ́bodè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà ṣásì yìí ṣírò iye tí ọkọ̀ tọ́ sí. Bí wọ́n bá san owó bodè lórí ọkọ̀ 2004 fún ọkọ̀ tó jẹ́ 2011, ìwé wà lóòótọ́, owó ni kò pé.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹ gba ẹ̀dà ìwé bodè, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè fún àyẹ̀wò kí ẹ tó san àṣekù owó. A mọ̀ pé ẹ̀rù àtilọ bá wọn máa ń ba ènìyàn. Bí ẹ bá ní ẹbí tàbí ará ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ kíkó ẹrù jáde ní Àpápá tàbí Tin Can, ẹ bẹ̀ ẹ́, òun mọ bí ìwé tòótọ́ ṣe ń rí àti ibi tí a ti ń bi í. Dílà tó mọ̀ pé ìwé òun dára kò ní kọ̀ fún yín láti gba ẹ̀dà. Èyí tó bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fọkàn tán mi ni? Ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ," ẹ rọra dá a lóhùn pé, "Àbúrò mi, mo fọkàn tán ọ, ìwé ni mi ò tíì bá pàdé rí."

Nípa ti ṣọ́ọ̀ṣì kan náà yìí, a ní láti sọ ọ́ bí ó ti rí. Láàrin ará ni àdéhùn ẹnu lásán ti pọ̀ jù. Nítorí pé a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ojú ń ti wa láti béèrè risíìtì. Èyí kò dára fún ẹni tó ń tà, kò sì dára fún ẹni tó ń rà, ìjà tí ó sì máa ń bí, ọ̀dọ̀ pásítọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e wá.

LÁÍSẸ́ǸSÌ ỌKỌ̀, ORÚKỌ TA NI?

Kí a tó lọ jìnnà: láísẹ́ǹsì méjì ni a ń pè ní orúkọ kan náà. Láísẹ́ǹsì awakọ̀ ni èyí tí àwòrán yín wà lórí rẹ̀, ti ara yín ni, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ọkọ̀ tí ẹ ń rà. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ni owó ojú ọ̀nà tí à ń sọ yìí. Ọdún kan ló ń lò, iye rẹ̀ sì ń yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ bá ṣe tóbi sí. Òun pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé a ni ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà, àti ìńṣọ́ránsì ni ọlọ́pàá ń pè ní pátíkúlà.

Ọkọ̀ àlòkù tí dílà ń tà jẹ́ oríṣi méjì. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun kò tíì ní nọ́ńbà, kò tíì ní láísẹ́ǹsì. Ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún un, ìwé bodè ni ẹ ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi pẹ́ lórí rẹ̀. Nọ́ńbà dílà tí wọ́n so mọ́ ọn kí ẹ lè gbé e délé kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń lọ ọjà Òkè-Àjẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn kan ṣì ń wa ọkọ̀ láìní nọ́ńbà, wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé béèrè. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, kò ka ìkọ̀wé béèrè sí nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn TRACE ti Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Oríṣi kejì ni èyí tí a ti lò nílẹ̀ yìí. Ó ní nọ́ńbà, ó ní láísẹ́ǹsì, bóyá oṣù márùn-ún ṣì kù lórí rẹ̀. Dílà yóò fi oṣù márùn-ún yìí dunnú fún yín bí ẹni pé ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ yín, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ dílà, nítorí pé ẹlòmíràn ló gbé ọkọ̀ sí ọwọ́ rẹ̀ pé kí ó bá òun tà á. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró ní alẹ́, ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ń sọ pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ẹ gbé. Ẹ ó máa ṣàlàyé.

Nítorí náà, ẹ béèrè fún olówó ọkọ̀ gan-an. Bí kò bá lè wá, kí ìwé tó fi gbé ọkọ̀ fún dílà wà, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Kí ìwé àdéhùn títà ní orúkọ ẹni tó ni ín, orúkọ yín, nọ́ńbà ṣásì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, nọ́ńbà ọkọ̀, iye owó, ọjọ́, àti ẹlẹ́rìí láti ìhà méjèèjì. Bí olówó ọkọ̀ bá ti kú, ọ̀rọ̀ di ti ogún. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìwé hàn pé àwọn ní àṣẹ láti tà á, nítorí ọmọ ìyàwó kejì lè dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kan pẹ̀lú lọ́yà. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni ẹ óò gbé lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì láti yí orúkọ padà. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀ tán, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ní ọ́fíìsì náà bóyá gbèsè ọdún àtẹ̀yìnwá wà lórí nọ́ńbà yẹn, kí ẹ lè yọ ọ́ nínú owó dílà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń tà náà. Ẹni tó ta ọkọ̀ láìyí orúkọ padà ṣì ni olówó rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Bí ẹni tó rà á bá fi kọlu ènìyàn tó sì sá lọ, tàbí tó fi gbé olè, nọ́ńbà ni wọn yóò tẹ̀ lé, ẹnu ọ̀nà yín ni nọ́ńbà náà yóò sì mú wọn dé.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí ju wa lọ, nítorí ìjọba wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2014, owó ojú ọ̀nà kì í bá ọkọ̀ lọ mọ́ níbẹ̀. Bí a bá ti ta ọkọ̀, ìjọba á fagi lé èyí tó kù, wọ́n á dá owó àwọn oṣù tó kù ní odindi padà fún ẹni tó tà á, ẹni tó rà á yóò sì san tirẹ̀ kí ó tó gbé ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ dílà. Ó le, ṣùgbọ́n kò sí àríyànjiyàn. Lọ́dọ̀ wa, a jẹ́ kí oṣù tó kù máa bá ọkọ̀ lọ, ìdàrúdàpọ̀ sì máa ń bá a lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ti ìńṣọ́ránsì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó wà nínú àpò ìwé jẹ́ àdéhùn láàrin ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì àti ẹni tó ta ọkọ̀. Ẹ má ṣe gbójú lé e. Ẹ ra tiyín lọ́jọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Tàdì páátì, èyí tí òfin fi dandan lé, ti kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000 fún ọkọ̀ ilé láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 2023. Iye tí ilé iṣẹ́ lè san fún dúkìá ẹlòmíràn tí ẹ bá bàjẹ́ sì di ₦3,000,000. Láti oṣù kejì 2025 ni ọlọ́pàá ti kéde pé àwọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ igi ní ìdajì owó kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì, ọjọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni ẹ ó mọ̀.

TA NI YÓÒ SAN KÍ NI?

Iye tí dílà pe ọkọ̀, ṣé ìwé wà nínú rẹ̀ ni àbí kò sí? Ìbéèrè yìí rọrùn, síbẹ̀ ẹ̀yìn ìgbà tí a ti gba owó ni ọ̀pọ̀ ń bi í. Ẹ jẹ́ kí ó wà lórí risíìtì: dílà ni yóò san owó nọ́ńbà tàbí ẹ̀yin? Ta ni yóò san owó yíyí orúkọ padà? Bí aṣọ́bodè bá gba ọkọ̀ nítorí ìwé tí kò dára, ṣé dílà yóò dá owó padà, láàrin ọjọ́ mélòó? Dílà tó dúró ṣánṣán yóò kọ ọ́, yóò sì buwọ́ lù ú. Ẹ má sì ṣe san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá lè gbà fún yín. Ẹ dá apá kan dúró títí ìwé yóò fi jáde ní orúkọ yín. Ẹ gba báǹkì san án, kí ọ̀nà tí owó gbà lè hàn.

Àwọn òṣìṣẹ́ àìgbaṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń dúró níwájú ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, tí wọ́n máa ń ní kí ẹ fún àwọn lówó, àwọn yóò ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó jẹun ọ̀sán. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe é lóòótọ́. Àwọn mìíràn ń tẹ ìwé náà fúnra wọn, ó sì máa ń dára ju ti ìjọba lọ lójú. Ẹ wọ inú ọ́fíìsì, ẹ gba nọ́ńbà ìsanwó, ẹ san án sí àpò ìjọba, ẹ gba risíìtì.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Owó àjọ yín wà nínú owó ọkọ̀ yẹn. Bí baálé bá ń lọ rà á, ẹ bá a lọ, kí mẹkáníìkì máa wo ẹ́ńjìnì, kí ẹ̀yin máa wo ìwé. Ọmọ yín tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga lè ka nọ́ńbà ṣásì sókè nígbà tí ẹ̀yin ń fi ìka tẹ̀ lé e lórí ìwé.

Ẹni tó ti ra tirẹ̀, tó sì ń fura sí ìwé bodè rẹ̀ báyìí, kí ó má ṣe fi ọkọ̀ pamọ́ sẹ́yìnkùlé. Kí ó gbé ìwé náà fún lọ́yà tàbí aṣojú akẹ́rùjáde tó ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n bá a béèrè lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè iye tó kù láti san. Gbèsè tí a fẹsẹ̀ ara wa rìn lọ san yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bá wa nídìí rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí ó tún padà sọ́dọ̀ dílà pẹ̀lú risíìtì àti ìwé àdéhùn, kí ó tó pẹ́ jù.

Bí gbogbo ìwé bá ti pé, ẹ ṣe ẹ̀dà wọn méjì. Kí ọ̀kan wà nínú ọkọ̀, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ìyàwó, kí ojúlówó ìwé ẹ̀rí pé ẹ ni ọkọ̀ wà nínú àpótí nílé, nítorí ẹni tó bá jí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ bá ìwé rẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ sì fi bíró pupa sàmì sí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri pálọ̀, ní oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì yóò parí.